Ta Ló Kó Ojú Àwọn Ìyá Aládé Lọ?

Nígbà tí ojú Màmá Gbọ́tèmi kọ́kọ́ yọ lára ògiri gbọ̀ngàn ìjọ, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Pákò wà lẹ́nu rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sí apá òsì, ó sì ń wo ẹni tó ń ya àwòrán náà bí ìgbà tí àlejò bá já lu èèyàn ní balùwẹ̀. Lábẹ́ àwòrán náà, wọ́n kọ ọ́ pé Olúwagbọ́tèmi, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló fi í ránṣẹ́. Kò burú. Ìyá rẹ̀ ni.

Èkejì yọ. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Olútìmẹ́hìn ló fi í ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́. Màmá Gbọ́tèmi náà ni, pẹ̀lú pákò.

Ẹ̀kẹta, Tinúkẹ́ ló fi í ránṣẹ́ láti Èkó. Pákò.

Nígbà tó di ẹ̀kẹfà, ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu gbogbo èèyàn. Nígbà tó di ẹ̀kẹwàá, Màmá Ọlọ́runníyì, tí í ṣe ìyá tó bí Tinúkẹ́, dìde lórí àga iwájú, ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a sọ́wọ́, ó ní, "Ẹ sọ fún mi o. Ìgbà wo ni mo kú tí Màmá Gbọ́tèmi fi jogún ọmọ mi?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ìjọ náà, tó wà ní Aládé nísàlẹ̀ òkè Ìdànrè, fẹ́ yẹ́ àwọn ìyá sí. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ fi àwòrán ìyá wọn ránṣẹ́ sí ojúewé tí ìjọ ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè máa fi ẹ̀rọ gbé e sára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà ìdúpẹ́. Tolúlọpẹ́, akọ̀wé ìjọ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ló ṣe ojúewé náà. Àwọn méjìlélógójì ló fi àwòrán ránṣẹ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n ní kí àwọn dán an wò.

Wọ́n dán an wò tán. Nínú méjìlélógójì, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jẹ́ Màmá Gbọ́tèmi. Méjìlá jẹ́ Mọ́mì Yẹ́misí, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó sínú àga tìmùtìmù pẹ̀lú awò lójú. Ẹyọ kan ṣoṣo tó kù ni Màmá Matthias, tó dúró jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kòkó, ní ibi tó yẹ kó wà gan-an.

Ìyá mọ́kàndínlógójì ti sọnù.

Màmá Mojọlá jókòó lẹ́yìn, lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fẹ́ ara rẹ̀ ní abẹ̀bẹ̀. Màmá Sítọ̀ ni gbogbo Aládé ń pè é, nítorí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ sítọ̀ kòkó ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀. Ìwé tó mọ̀ kò ju kó kọ nọ́ńbà, kó sì fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú Bíbélì lẹ́yọ lẹ́yọ. Àmọ́ ohun tó bá ti wọ ojú rẹ̀ kì í jáde mọ́. Òun ló rí ẹni tó jí okùn agogo ìjọ nígbà tí gbogbo ìgbìmọ̀ ṣì ń gbààwẹ̀ lé e lórí. Òun náà ló mọ̀ pé ewúrẹ́ Sájẹ́ǹtì Ògúndípẹ̀ kò sọnù rárá, ìyàwó Sájẹ́ǹtì ló tà á.

Tolúlọpẹ́ sì ni ọmọ ọmọ rẹ̀.

Bàbá Ìjọ Ọláfẹ́mi, tó ti ṣe hẹ́dímásítà rí tí kò sì tíì jáwọ́ nínú rẹ̀, fi ọ̀pá rẹ̀ gbá àga. "Ìgbìmọ̀ á jókòó lọ́la ní agogo méjìlá ọ̀sán. Ẹni tó bá fi ojú àwọn ìyá wa ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní tún di kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ìjọ mú. Tolúlọpẹ́, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà," ni Tolúlọpẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ti ń lọ nìyẹn, orúkọ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Orúkọ tó bá já bọ́ nínú ìjọ Aládé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó tó di ọjọ́ Ajé, àwọn tó ń ta búrẹ́dì fún ọlọ́kọ̀ ní Ofosu á ti mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ti ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì Ògúndípẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Aládé, wọlé pẹ̀lú ìwé kékeré rẹ̀. "Ta lẹ fura sí?"

Ọwọ́ tó nà sí Màmá Gbọ́tèmi tó ogún. Ọwọ́ tó nà sí Tolúlọpẹ́ tó mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó na ọwọ́ sí Mọ́mì Yẹ́misí, nítorí òun ló gbẹ̀bí ìdajì wọn, kò sí ẹni tí kò tíì gún lábẹ́rẹ́ rí.

Màmá Mojọlá sọ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. "Sájẹ́ǹtì, má tíì kọ nǹkan kan. Fún mi títí di agogo méjìlá ọ̀la."

"Màmá, ọmọ ọmọ yín kúkú ni."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ̀bi, èmi ni mo máa kọ́kọ́ nà án."

Sájẹ́ǹtì yí ìwé rẹ̀ síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ta wá ni kí n kọ sílẹ̀ báyìí?"

"Kọ ìyá rẹ. Òun náà sọnù."

*

Inú ọ́fíìsì ìjọ ni Màmá Mojọlá ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àga.

"Jókòó. Má sunkún sórí kọ̀ǹpútà, omi kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wí i fún mi bí ẹni ń wí i fún àgbẹ̀. Àwòrán kúrò ní Èkó. Ibo ló gbà dé ibí?"

Tolúlọpẹ́ nu imú. "Wọ́n á ṣí ojúewé wa lórí fóònù wọn, Màmá. Wọ́n á kọ orúkọ ara wọn. Wọ́n á mú àwòrán, wọ́n á kọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí àwòrán náà máa jẹ́. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì, ó ti ń bọ̀ nìyẹn."

"Ó dé. Ta ló gbà á lọ́wọ́ wọn?"

"Kọ̀ǹpútà kan tó wà lókèèrè tí ìjọ ń háyà. Bí àwòrán bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹnu ọ̀nà ló máa gbé e sí ná. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìpamọ́. Bí ẹnikẹ́ni ò bá gbé e kúrò níbẹ̀ kíá, kọ̀ǹpútà náà á gbá a dànù."

"Bí àpò kòkó tí wọ́n já sílẹ̀ níwájú sítọ̀, tí òjò sì ṣú."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Torí náà mo kọ ìlànà kan sílẹ̀ fún un. Mo ní bí àwòrán bá ti dé ẹnu ọ̀nà, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwòrán ni lóòótọ́, kó wá gbé e wọnú dísìkì. Dísìkì ni sítọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó bá ti wọ ibẹ̀, iná lọ o, iná dé o, ó wà ńbẹ̀."

Màmá Mojọlá mi orí. Nǹkan yìí kò tilẹ̀ le tó bí wọ́n ṣe máa ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba àgbà. "O yọjú wo inú sítọ̀ yẹn lónìí?"

"Mo wò ó. Mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀."

"Bóyá òjò ló pa àwọn tó kù lẹ́nu ọ̀nà. Bóyá wọn kò wọlé."

"Wọ́n wọlé, Màmá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́, mo fi ojú ara mi rí Màmá Ọlọ́runníyì níbẹ̀. Wọ́n wọ léèsì aláwọ̀ búlúù, wọ́n jókòó sórí ọ̀kadà tí kò ní táyà. Ẹnì kan ló gba ẹ̀yìn wọlé, ó pa wọ́n rẹ́. Mo ti yí pásíwọ́ọ̀dù padà."

"Ẹnì kan." Màmá Mojọlá na ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí orúnkún rẹ̀ máa ń dùn ún bó bá ń ronú. "Olè yìí wọlé. Ó kó ojú ìyá mọ́kàndínlógójì. Kò gba kọ̀ǹpútà, kò gba ohun èlò ìjọ, kò sì bú yín. Ó wá fara balẹ̀ fi Màmá Gbọ́tèmi tó ń run pákò dí gbogbo ihò tó lu. Kí ló fẹ́ fi rà lọ́jà?"

Tolúlọpẹ́ tún fi etí aṣọ nu imú.

"Ó wọlé, ó tún wá sọnù lẹ́yìn tó wọlé," ni Màmá Mojọlá ń sọ sí ara rẹ̀ bó ṣe ń dìde. "Ohun tó bá sọnù nínú sítọ̀ tí wọn kò já ilẹ̀kùn rẹ̀, inú sítọ̀ ni kí èèyàn ti wá olè."

*

Ìloro ilé rẹ̀ ni ó ti bá Màmá Gbọ́tèmi. Ó wọ aṣọ tó ń wọ lọ́jọ́ Kérésì, gèlè rẹ̀ sì le bí páànù, nítorí láti àárọ̀ ni àwọn èèyàn ti ń kọjá wò ó.

"Ṣé ìwọ náà wá wò mí ni, Mojọlá?"

"Mo ti wò ọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lónìí. Ó tó mi. Mo wá bi ọ́ léèrè ni."

"Béèrè. Gbogbo ọmọ Aládé ló fẹ́ kí n jẹ́ ìyá wọn. Ṣé ẹ̀bi mi ni?"

"Wọ́n ní ìwọ àti Gbọ́tèmi lẹ fi nǹkan sọ́wọ́ Tolúlọpẹ́, kó lè fi ojú rẹ bo ti ẹlòmíì."

Màmá Gbọ́tèmi kò bínú. Ó wọlé, ó gbé àwòrán kan jáde tí wọ́n fi gíláàsì bò. Òun náà ló wà nínú rẹ̀, nínú àrán, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó ni òkè Ìdànrè. "Ìsìnkú ìyá ọkọ mi nìyí. Bí mo bá fẹ́ fi ojú mi bo ojú Màmá Ọlọ́runníyì, Mojọlá, ìwọ náà rò ó, ṣé pákò ni mo máa fi bò ó nígbà tí èyí wà nílé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Màmá Mojọlá létí, ó sì jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹwà ṣakọ kì í gbé ojú oorun síta. Màmá Gbọ́tèmi kò jẹ̀bi.

"Ta ló wá ya èyí tó ní pákò?"

"Gbọ́tèmi ni. Ó yà mí láàárọ̀ kí n tó bọ́jú. Mo ní kó pa á rẹ́, ó ní òun ti pa á rẹ́. Ọmọ tí mo fún lọ́mú."

"Ìgbà wo ló fi ránṣẹ́ sí ìjọ?"

"Àná. Ó ku wákàtí kan kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ojúewé ìjọ. Ọmọ tó lo oṣù mẹ́wàá gbáko kó tó jáde nínú mi, ìgbà wo ló fẹ́ yá ju báyẹn lọ?"

"Àná," ni Màmá Mojọlá wí. Ó fi ìka méjì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọkàn rẹ̀, bí ẹni gbé owó ẹyọ sí etí aṣọ. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni ojú rẹ̀ kún ilé. Bó ṣe ń kọjá níwájú ilé Mọ́mì Yẹ́misí, ó yà síbẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni Olúyẹ́misí fi tiyín ránṣẹ́?"

Mọ́mì Yẹ́misí bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọjọ́rú ni. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó rántí. Àwọn ọmọ tó lọ yunifásítì yìí, Màmá, ìwé ti kún orí wọn débi pé kò sí àyè fún ìyá."

*

Ẹni tó kù ni Màmá Matthias. Òun nìkan ni olè náà dá sí, olóhun tí olè bá sì dá sí, àwọn ará àdúgbò máa ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ó ń nu tábìlì nígbà tí Màmá Mojọlá wọlé. Tábìlì náà mọ́. Ó tún un nù.

"Màmá Matthias, ìwọ nìkan lo yè."

"Ọlọ́run ló yọ mí, Màmá."

"Báwo ló ṣe yọ ọ́?"

"Mi ò mọ̀." Ó nu ibi tó ti nù. Kò wo ojú àlejò rẹ̀.

"Ta ló fi tìẹ ránṣẹ́? Matthias ni?"

"Ìyàwó rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà mọ Stephanie, ọmọ Kàlábá tó ń ṣiṣẹ́ báńkì l'Ékòó." Aṣọ tó fi ń nu tábìlì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká dé ibẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣe."

Màmá Mojọlá tẹjú mọ́ ọn. Ó ti rí àwọn tó jalè tí wọ́n ń nu tábìlì báyìí. Ó ní, "Pè é fún mi."

Wọ́n pè é. Màmá Matthias tẹ fóònù náà kó máa dún síta, ó sì yí ojú sí ògiri.

"Ẹ káàsán, mà," ni Stephanie wí. Ariwo báńkì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Káàsán, ìyàwó wa. Nígbà tí o fi àwòrán ìyá ọkọ rẹ ránṣẹ́, wọ́n ní kí o kọ orúkọ tí àwòrán náà ń jẹ́. Kí lo kọ?"

"Felicia Olúyínká, mà."

Màmá Matthias fi etí aṣọ bo ojú rẹ̀.

"Felicia," ni Màmá Mojọlá tún wí. "Kò sí Màmá níwájú rẹ̀?"

"Kò sí, mà. Ṣé kì í ṣe orúkọ wọn ni?"

Ẹkún bọ́ lẹ́nu Màmá Matthias. "Ẹ gbọ́ ọ? Gbalaja báyẹn. Bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe ọmọ tó ń kiri ẹ̀kọ. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí n kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Stephanie wí, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé kò mọ ohun tó ń tọrọ àforíjì lé lórí. "Bí a ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ ni mo ṣe é. Bí mo bá kọ Màmá lásán sára fáìlì, ọ̀gá wa á jù ú padà sí mi. Á ní, ìyá ta ni?"

Màmá Mojọlá ti ń dìde lọ. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. "Tún ìyẹn wí."

"Pé á jù ú padà?"

"Ohun tó máa béèrè."

"Ìyá ta ni?"

Màmá Mojọlá jókòó padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí tí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n, títí tí Màmá Matthias fi gbàgbé ẹkún tó sì lọ bu omi wá.

"Stephanie," ló wí nígbà tó rí èémí mí, "wàá bí ìbejì. Ìwọ nìkan ni kò ní ẹ̀kọ́ ilé nínú gbogbo yín, ìwọ nìkan ni ìyá rẹ sì yè."

*

Lẹ́yìn ọ̀kadà tó ń gbé e padà sí ọ́fíìsì ìjọ, ọdún tí ìjọba ní kí ọkọ̀ kúrò lápá òsì kó bọ́ sí apá ọ̀tún ló ń rò. Ọdún yẹn ni wọ́n gbé akọ̀wé tuntun wá sí sítọ̀ láti Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń ru kòkó bàbá wọn wá láti oko. Akọ̀wé á gbé gègé, á ní, "Ta ló ni ín?" Ọmọ á ní, "Bàbá ni." Ọmọ wo ló máa ya ẹnu pe orúkọ bàbá rẹ̀? Akọ̀wé á kọ Bàbá sára àpò. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ọgọ́ta àpò ló ń jẹ́ Bàbá. Àdá ni àwọn àgbẹ̀ fi wá béèrè kòkó wọn lọ́jọ́ kejì.

Òun Mojọlá, nígbà náà tó ṣì lè gun àkàbà, òun ló mú ẹfun. Ó ní ohunkóhun tí ọmọ bá wí, kí wọ́n gbà á. Àmọ́ àpò tó bá kọ́kọ́ dé, ọ̀kan ni òun máa fi ẹfun kọ sí i lára. Èyí tó tẹ̀ lé e, èjì ni.

Ṣùgbọ́n ní sítọ̀ kòkó, àpò kì í jẹ àpò. Bí ọgọ́ta Bàbá ṣe pọ̀ tó, ọgọ́ta ni wọ́n ṣì jẹ́. Ìdí tí ti ìjọ fi sọnù pátápátá ni kò tíì yé e.

"Tolúlọpẹ́, àwọn mẹ́ta tó kù nínú dísìkì, kí lorúkọ wọn?"

Tolúlọpẹ́ ṣí i. "Ọ̀kan ń jẹ́ Màmá. Ọ̀kan ń jẹ́ Mọ́mì. Ọ̀kan ń jẹ́ Felicia Olúyínká."

"Ìlànà tí o kọ fún kọ̀ǹpútà, orúkọ wo lo ní kó fi gbé àwòrán sí dísìkì?"

"Orúkọ tó bá bá a wá."

"Bí ẹnì kan bá ti wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ńkọ́?"

Tolúlọpẹ́ ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí.

"Á gbé tuntun sí ipò àtijọ́, Màmá. Ti àtijọ́ á parẹ́."

"Kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?"

"Mi ò sọ fún un pé kó béèrè."

"Nígbà tí o ń dán an wò, àwòrán ta lo lò?"

"Tèmi, tiyín, ti ajá. Mo pa wọ́n rẹ́ lẹ́yìn náà." Omi ti ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀. "Mo kọ orúkọ mi sí tèmi. Mo kọ Bingo sí ti ajá. Mo kọ..."

"Kí lo kọ sí tèmi?"

"Màmá."

*

Ní agogo méjìlá ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìgbìmọ̀ ti pé, àwọn ìyá sì kún gbọ̀ngàn débi pé àwọn kan wà lójú fèrèsé. Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wà lórí tábìlì níwájú Bàbá Ìjọ Ọláfẹ́mi. Tolúlọpẹ́ ti kó o kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Màmá," ni Bàbá Ìjọ wí, "ẹ dárúkọ olè."

"Ẹ fún mi ní àpótí mẹ́ta àti ẹfun."

Wọ́n gbé àpótí ìjókòó mẹ́ta wá. Tolúlọpẹ́ fi ẹfun kọ MÀMÁ sára àkọ́kọ́, ó kọ MỌ́MÌ sára èkejì, ó kọ FELICIA OLÚYÍNKÁ sára ẹ̀kẹta. Kùn-kùn-kùn sọ ní gbọ̀ngàn nígbà tí wọ́n ka èyí tó gbẹ̀yìn. Màmá Matthias tẹ orí ba.

"Àpótí yìí ni ibi ìpamọ́," ni Màmá Mojọlá wí. "Ẹnì kan ṣoṣo ló lè jókòó sórí ọ̀kan. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn, á jókòó. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á dìde, á bá ẹnu ọ̀nà lọ. Tolúlọpẹ́ á pè yín bí àwọn ọmọ yín ṣe fi yín ránṣẹ́, láti orí ẹni àkọ́kọ́."

"Màmá Ọlọ́runníyì," ni Tolúlọpẹ́ pè. "Tinúkẹ́ kọ Màmá."

Màmá Ọlọ́runníyì, tí ara rẹ̀ kò kéré, jókòó sórí àpótí MÀMÁ, ó sì tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa.

"Màmá Olútìmẹ́hìn. Ọmọ yín kọ Màmá."

Màmá Olútìmẹ́hìn dé ibẹ̀, ó dúró. "Dìde."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni."

"Òfin sítọ̀ ni," ni Màmá Mojọlá wí. Màmá Ọlọ́runníyì dìde pẹ̀lú ẹnu gígùn, ó bá ẹnu ọ̀nà lọ.

Ìyá Sájẹ́ǹtì Ògúndípẹ̀ náà tún lé Màmá Olútìmẹ́hìn dìde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lé ara wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì tí ọmọ wọn kọ Mọ́mì ń ṣe tiwọn jẹ́jẹ́, wọ́n ń sọ pé "ẹ má bínú" kí wọ́n tó ti ara wọn ṣubú. Nígbà tó yá, òòrùn ti ń pa àwọn ìyá tó wà níta.

"Màmá Bàbá Ìjọ," ni Tolúlọpẹ́ pè.

Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni, ọmọ méjì ló di apá rẹ̀ mú wá.

Bàbá Ìjọ Ọláfẹ́mi ti di ọ̀pá rẹ̀ mú ṣinṣin. "Èmi ni mo fi tiwọn ránṣẹ́. Mo kàwé, èmi. Mi ò lè kọ irú ẹ̀."

"Kí lẹ kọ, sà?" ni Màmá Mojọlá bi í.

Ó wo òkè àjà. "Màmá."

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ orúkọ wọn?"

"Orúkọ ìyá mi?" Ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé wọ́n ní kó bọ́ṣọ lójú títì. "Ṣé kí n máa pe ìyá mi lórúkọ ni?"

Arúgbó náà jókòó sórí àpótí. Kò sí ẹni tó láyà láti ní kó dìde, títí tí wọ́n fi pe orúkọ tó kẹ́yìn.

"Màmá Gbọ́tèmi. Ọjọ́bọ̀, ó ku wákàtí kan kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Olúwagbọ́tèmi kọ Màmá."

Màmá Gbọ́tèmi dé, nínú àrán, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Ó kúnlẹ̀ kí arúgbó náà dáadáa, ó ràn án lọ́wọ́ dìde, ó sì jókòó. Kò sí orúkọ mọ́ lẹ́yìn tirẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn wò ó: òun nìkan lórí àpótí MÀMÁ, Mọ́mì Yẹ́misí nìkan lórí MỌ́MÌ, Màmá Matthias nìkan lórí àpótí tí ẹnikẹ́ni kò bá a dù.

Sájẹ́ǹtì Ògúndípẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti pa ìwé rẹ̀ dé. "Màmá, ta wá ni kí n mú?"

"Ẹ̀kọ́ ilé ni kí o mú. Òun ló jẹ̀bi. Ọmọ mọ́kànlélógójì ni ẹ kọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ pe ìyá wọn lórúkọ, wọ́n sì gbọ́. Kọ̀ǹpútà ni kò ní ìyá. Kò mọ̀ pé Màmá ju ẹnì kan lọ."

"Tolúlọpẹ́ náà jẹ̀bi díẹ̀," ni Tolúlọpẹ́ fúnra rẹ̀ wí. "Èmi ló yẹ kí n sọ fún un. Mo ti tún ìlànà náà kọ láàárọ̀. Orúkọ yòówù kí wọ́n kọ, kó fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kó tó wọ dísìkì. Bí ẹni ọgọ́rùn-ún bá kọ Màmá, ọgọ́rùn-ún ni yóò wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ṣì ní àwòrán wọn nínú fóònù. Mo ti pe mẹ́tàlélógún nínú wọn."

Bàbá Ìjọ Ọláfẹ́mi wo ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti gbé jókòó sínú àga tìmùtìmù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ti kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì padà sí iwájú Tolúlọpẹ́ pẹ̀lú ìdí ọ̀pá rẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí i. Ó yọ fóònù rẹ̀ nínú àpò.

"Pe mí náà," ló wí. "Èmi ni ìkẹrìnlélógún."

*

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá méjìlélógójì kọjá lára ògiri, ojú méjìlélógójì. Màmá Ọlọ́runníyì yọ lórí ọ̀kadà tí kò ní táyà, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Arúgbó ìyá Bàbá Ìjọ rí ara rẹ̀, ó béèrè pé ta nìyẹn. Stephanie ti tún fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Èkó. Tolúlọpẹ́ fi orúkọ tó kọ sí i han Màmá Mojọlá lórí fóònù: Màmá Wa Ọ̀wọ́n Felicia Olúyínká, Ẹ Má Bínú.

Nígbà tí ìdúpẹ́ parí, Màmá Gbọ́tèmi wá bá Màmá Mojọlá lẹ́bàá fèrèsé. Ojú rẹ̀ kò dán.

"Mojọlá, mo ka ti ara mi."

"Wọ́n lo èyí tó ní àrán àti iyùn, àbí? Mo rí i. Ó dára."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni." Ó jókòó tì í, ó sì yọ abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láìtọrọ. "Èyí tó ní pákò ni wọ́n fi hàn lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."